Ọmọ oṣù mẹ́ta: ṣé ká sàmì fún un ni, àbí ká dúró?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Alùfáà. Ajárà ni mo ń gbé, ní Àgbádárìgì níbí. Ọmọ oṣù mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ọkùnrin ni, òun sì ni àkọ́bí wa. Ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Ìyá ọkọ mi ti ra aṣọ funfun fún ọmọ, wọ́n ti bá alùfáà wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí a máa gbé ọmọ wá fún ìsàmì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, ìjọ kan tó jẹ́ pé àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń rì bọ omi ni èmi àti ọkọ mi ń lọ. Pásítọ̀ wa ní ìsàmì ọmọ ọwọ́ kò sí nínú Bíbélì, pé wọ́n ti gbàdúrà ìyàsímímọ́ fún ọmọ wa, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí láìsàmì, ọrùn mi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wà. Ọkọ mi ní ká ṣáà ṣe é kí Màmá má bàa bínú, bí ọmọ bá dàgbà, a ó tún rì í bọ omi. Èmi fúnra mi, wọ́n sàmì fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n sì ní n kò lè wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa àfi bí mo bá tún ṣe ìrìbọmi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ká ṣe?

Ìyá Àkọ́bí, Ajárà.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, kú ewu ọmọ. Ọlọ́run yóò wò ó dàgbà fún yín.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ká mi lára jù níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Màmá, kì í sì í ṣe ti pásítọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni. Mo mọ̀ pé àlàáfíà ilé ló ń wá. Àmọ́ nínú gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ níwájú yín, èyí tó mú wá yìí nìkan ni ìjọ méjèèjì kò fọwọ́ sí. Ìjọ Màmá kì í sàmì fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọ tiyín kò ka omi tí wọ́n dà sí ọmọ ọwọ́ lórí sí ohunkóhun. Bí ẹ bá ṣe ti Màmá lónìí pẹ̀lú èrò pé ẹ ó fi ti pásítọ̀ pa á rẹ́ lọ́la, ẹ ó ti dúró níwájú Ọlọ́run, ẹ ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ti mọ̀ pé ẹ kò ní ṣe. N ó padà sórí èyí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Alùfáà Ìjọ Elétò ni mí, mo ti fẹ̀yìntì. Ìjọ tó ń sàmì fún ọmọ ọwọ́ ni ìjọ wa, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lé apá yìí, mo bu omi sí wọn lórí. Mo sì ti bá àwọn àgbàlagbà tí wọn kò tíì ṣe ìsàmì rí sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀sà, torí ìjọ wa kò kọ èyíkéyìí nínú ọ̀nà méjèèjì. N kò kọ̀wé yìí láti fa ọmọ rẹ wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ yín ti gbà àti èyí tí kò tíì gbà, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣì í. Ní ọjọ́ kẹjọ tí ẹ kó ọmọ jáde, tí wọ́n fi omi kàn án lẹ́nu, tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, àdúrà wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí alùfáà ló pe orúkọ. Síbẹ̀ kì í ṣe ìsàmì, àní bó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ṣe é. Ìyàsímímọ́ tí pásítọ̀ yín ṣe náà kì í ṣe ìsàmì. Ọ̀dọ̀ Hánà tó gbé Sámúẹ́lì lọ fún Olúwa ni wọ́n ti mú un, àti ọ̀dọ̀ Màríà àti Jósẹ́fù tí wọ́n gbé Jésù lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àdúrà òbí ni, ó sì dára púpọ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì sàmì fún ọmọ náà. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí wọ́n yà sí mímọ́ lè gba ìsàmì ní Áńgílíkà ní oṣù tó ń bọ̀, ó sì lè dúró di ọmọ ogún ọdún kó tó wọ inú omi. Ọmọ tí wọ́n ti sàmì fún kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ẹbí bínú. Omi tó ti dànù kò ṣeé kó.

Kí wá ni ìsàmì gan-an? Ohun mẹ́ta ni àwọn ìjọ àtijọ́ ń wò: omi gidi, orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́ gẹ́gẹ́ bí Jésù ti pàṣẹ ní ìparí ìwé Mátíù, àti pé kí ẹni tó ń ṣe é ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, Áńgílíkà gba ti Àgùdà, Àgùdà gba ti Elétò, a kì í tún un ṣe. Òróró kò lè rọ́pò omi. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà kò ṣeé yí bó ṣe wù wá: ní ọdún 2020, àwọn aláṣẹ Àgùdà ní Róòmù sọ ọ́ gbangba pé bí alùfáà bá sọ pé ‘a ń sàmì fún ọ’ dípò ‘mo sàmì fún ọ’, ìsàmì náà kò múlẹ̀, wọ́n ní láti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí omi ṣe pọ̀ tó kò sí lára ohun mẹ́ta yẹn. Ìwé ìlànà àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Didache sọ pé omi tó ń ṣàn ni kí a lò. Bí kò bá sí, omi mìíràn. Bí ìyẹn náà kò bá sí, kí a da omi sórí ẹni náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí yóò yà Màmá lẹ́nu ni pé Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti ọdún 1662 gan-an ní kí alùfáà ri ọmọ bọ inú omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ara rẹ̀ bá le tó; bí kò bá le ni kí ó da omi sí i. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Gíríìsì àti Rọ́ṣíà ń ri ọmọ ọwọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta títí di òní. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìjà bíbu omi síni lórí àti rírì bọ omi ni ìjà yìí, kò tíì débi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé: ta ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ni àbí ènìyàn?

Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ilé Áńgílíkà ń pè é ní ìsàmì. Àmì ni wọ́n fi sí ọmọ náà lára pé ti Ọlọ́run ni. Wọn kì í dúró de ọmọ kó mọ ìtumọ̀ àmì kí wọ́n tó fi sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ti dúró kó fọwọ́ sí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ kejì wá síbí, Ìjọ Onítẹ̀bọmi là ń pè wọ́n. Orúkọ wọn ti sọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́. Ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú omi, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Jésù ni Olúwa, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi bí ẹni tí wọ́n sin, wọ́n gbé e dìde bí ẹni tó jíǹde. Ìwé Róòmù orí kẹfà ni wọ́n gbé e lé, ó sì dúró dáadáa lórí rẹ̀.

Nígbà tí pásítọ̀ yín sọ pé ìsàmì ọmọ ọwọ́ kò sí nínú Bíbélì, òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹsẹ kankan tó dárúkọ ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n sàmì fún. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà gbàgbọ́ kó tó bọ́ sínú omi. Àwọn ará Samáríà tí Fílípì wàásù fún, ‘àti ọkùnrin àti obìnrin’ ni wọ́n kọ, wọn kò fi ọmọdé kún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ kejì wà tí kì í sábà wọnú ìwàásù: kò sí ẹsẹ kankan níbi tí wọ́n ti tọ́ ọmọ onígbàgbọ́ dàgbà láìsàmì, tí wọ́n wá sàmì fún un nígbà tó tó géńdé. Ohun tí a rí ni agbo ilé. Lìdíà gbàgbọ́, wọ́n sàmì fún òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Onítúbú ìlú Fílípì gbàgbọ́ ní òru, wọ́n sàmì fún òun àti gbogbo àwọn tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Pọ́ọ̀lù ní òun sàmì fún agbo ilé Stéfánà. Ṣé ọmọ ọwọ́ wà nínú àwọn ilé náà? Bíbélì kò sọ. Ẹni tó dàgbà nínú agbolé bíi tiwa, pẹ̀lú ìyá àgbà àti ọmọ tó ń rákò nínú ọgbà kan náà, yóò ṣòro fún un láti rò pé kò sí. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń dá abẹ́ fún ọmọ Ísírẹ́lì, láì bi í léèrè, Pọ́ọ̀lù sì so ìdábẹ́ pọ̀ mọ́ ìsàmì nínú Kólósè orí kejì. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Pétérù ní ìlérí náà wà ‘fún yín àti fún àwọn ọmọ yín’. Ibẹ̀ ni àwa tí a ń sàmì fún ọmọ dúró sí.

Àwọn onígbàgbọ́ tó ti ṣáájú wa pàápàá kò ṣe é bákan náà. Ní bí ọdún 200, Tertullian ará Kátéèjì ní Àríwá Áfíríkà kọ̀wé pé ó dára kí a jẹ́ kí ọmọdé dàgbà ná. Ẹni tó ń ní kí a dúró, ó ti fi hàn pé àwọn kan kò dúró. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní ìlú kan náà, Cyprian pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rìndínláàádọ́rin pinnu pé kò yẹ kí a tilẹ̀ dúró di ọjọ́ kẹjọ. Augustine, ọmọ Monica, ìyá tó gbàdúrà jù nínú gbogbo ìyá tí ìtàn Ìjọ rántí, kò gba ìsàmì ní kékeré. Àìsàn ṣe é nígbà ọmọdé, wọ́n fẹ́ sàmì fún un, ara rẹ̀ yá, wọ́n tún sún un síwájú. Ọdún 387 ló tó wọ inú omi ní ìlú Mílánì, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó wá di bíṣọ́ọ̀bù, òun ló jà fún ìsàmì ọmọ ọwọ́ jù.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1525, ní ìlú Zurich, àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ti sàmì fún ní kékeré pàdé nínú ilé kan, wọ́n tún sàmì fún ara wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ ìlú mú Felix Manz, ọ̀kan nínú wọn, wọ́n dì í lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sínú odò Limmat títí ó fi kú. Onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀ ló ṣe é fún un. N kò lè sọ ìtàn yìí kí n má banújẹ́. Mo ń sọ ọ́ fún yín nítorí pé nígbà tí Màmá àti pásítọ̀ yín bá ń bára wọn jà lórí ọmọ oṣù mẹ́ta, ìjà tó ti pa ènìyàn rí ni wọ́n ń dáná sí.

Ìlú wa yìí sì mọ méjèèjì. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Elétò gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tẹ̀lé e, wọ́n sì ṣe Kérésìmesì lábẹ́ igi àgíà. Ìjọ méjèèjì ló ń sàmì fún ọmọ ọwọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1850, Thomas Jefferson Bowen, Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gba etí ọ̀sà kan náà wọlé. Kò tó ọdún mẹ́jọ láàárín. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ibí kọjá ni Àjàyí Crowther. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni, ó kàwé, ó gbàgbọ́, wọ́n sì sàmì fún un ní Sàró ní ọdún 1825. Ó dé síbí ní oṣù kìíní ọdún 1845, ogun kò jẹ́ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta là, ó sì lé ní ọdún kan ààbọ̀ tó fi wà lọ́dọ̀ wa kó tó gòkè. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti pín òun níyà fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kejì ọdún 1848, ìyá náà gba ìsàmì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, torí Sámúẹ́lì ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ló ṣáájú, ìyá tẹ̀lé e. Àgbàlagbà ni méjèèjì nígbà tí omi kàn wọ́n. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ìhìnrere ṣẹ̀ṣẹ̀ bá gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ máa ń dìde nígbà tí ìran kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ sínú ìjọ. Bí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ṣe jẹ́ ti àgbàlagbà, ó yé ẹni tó bá mọ ìtàn etí ọ̀sà yìí.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi han àwọn òbí, tó sì máa ń mú ohùn wọn rọlẹ̀. Ìjọ Màmá ní ọjọ́ méjì fún ọmọ. Ìjọ tiyín náà ní ọjọ́ méjì. Ní Áńgílíkà, wọ́n sàmì fún ọmọ ní kékeré. Nígbà tó bá gbọ́n, ó kọ́ katikísímù, ó dúró níwájú bíṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún un, bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n yà á sí mímọ́ ní kékeré. Nígbà tó bá gbọ́n, ó kọ́ ẹ̀kọ́, ó dúró níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́, wọ́n rì í bọ omi. Ọjọ́ kan fún òbí, ọjọ́ kan fún ọmọ. Ọjọ́ tí omi bọ́ sí ló yàtọ̀. Mi ò sọ pé ìyàtọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ kò lè fi ọ́ pe aláìbìkítà, pásítọ̀ yín kò sì lè sọ pé Màmá kò mọ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ gbàgbọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni èyí tí Màmá sọ, pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ, ọrùn rẹ ló wà. Má ka á sí èébú. Ìbẹ̀rù ni. Ayé tí wọ́n ti ń sin ọmọ léraléra ni àwọn ìyá wa àgbà ti wá, àwọn tó kọ́ wọn ní katikísímù sì fi ìbẹ̀rù náà kún un. Augustine fúnra rẹ̀ ló kọ́ni pé ọmọ tó kú láìsàmì kò lè wọ ìjọba ọ̀run. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ Àgùdà wá ń sọ pé ibì kan wà lọ́tọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí kò sí ìyà níbẹ̀. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Róòmù gbé ìwé kan jáde pé ìdí pàtàkì wà láti ní ìrètí pé Ọlọ́run yóò gba àwọn ọmọ wọ̀nyí là. Èmi kò tilẹ̀ ní kí n dé Róòmù. Jésù tó ní ‘Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré wá sọ́dọ̀ mi’ kò béèrè ìwé ẹ̀rí ìsàmì lọ́wọ́ àwọn ìyá tó gbé wọn wá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kankan lọ́rùn rẹ. Bí o bá ń jí lóru nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, sinmi.

Kí n sì fi èyí kún un fún Màmá fúnra wọn: bí ọmọ bá wà nínú ewu ikú lóòótọ́, tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ ìsàmì, kò dìgbà tí alùfáà bá dé. Lọ́dọ̀ Àgùdà, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, nọ́ọ̀sì, bàbá, ẹni tí ń kọjá lọ. Yóò da omi sórí ọmọ, yóò sì wí pé: ‘Mo sàmì fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.’ Ó parí. Nítorí náà, kò sí ìdí láti fi ìbẹ̀rù ikú ti ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa, tó ń rẹ́rìn-ín, sínú ohun tí òbí rẹ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Èyí ló mú mi padà sí ẹ̀jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń sàmì fún ọmọ ní Áńgílíkà, kì í ṣe alùfáà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n yóò bi àwọn tó gbé ọmọ wá léèrè bóyá wọ́n kọ èṣù sílẹ̀, bóyá wọ́n gba ìgbàgbọ́ yìí gbọ́. Wọn yóò sì gbà láti mú ọmọ dàgbà nínú rẹ̀ títí bíṣọ́ọ̀bù yóò fi gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìwé Àdúrà ní kí ọmọkùnrin ní bàbá ìsàmì méjì àti ìyá ìsàmì kan. Lọ́dọ̀ Àgùdà, bàbá tàbí ìyá ìsàmì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ó kéré tán, kó jẹ́ Àgùdà tó ti gba ìfọwọ́lélórí. Òfin wọn sì ní bí kò bá sí ìrètí kankan pé ọmọ náà yóò dàgbà nínú ìgbàgbọ́ ìjọ, kí alùfáà dá ìsàmì náà dúró ná. Kì í ṣe ìkórìíra. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, bí igba ènìyàn náà kò bá sì sí, àmì tí wọ́n fi sí ọmọ kò ní olùkọ́ tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ìwọ àti ọkọ rẹ ní láti dáhùn kì í ṣe ‘ìsàmì tàbí ìrìbọmi?’ Ẹ bi ara yín pé: ìjọ wo ni ọmọ yìí yóò máa bá wa lọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú? Bí ẹ bá dáhùn pé ìjọ tí ẹ wà báyìí ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró. Ìyàsímímọ́ tí wọ́n ṣe tó, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ibẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ní tòótọ́ ẹ̀ ń padà sí Áńgílíkà, tàbí pé ẹ kò fi ọkàn kúrò níbẹ̀ rí, ẹ gbé e lọ kí wọ́n sàmì fún un tayọ̀tayọ̀, ẹ sì dúró tì í, kí ẹnikẹ́ni má tún rì í bọ omi lẹ́yìn náà. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀, ẹ dúró. Dídúró kò ba nǹkan jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn alùfáà ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bá mi wí lórí gbólóhùn yẹn, torí Ìwé Àdúrà kò fẹ́ kí a fi ìsàmì falẹ̀. Síbẹ̀ n ó sọ ọ́.

Ní ti ìwọ fúnra rẹ. Ìjọ tó sàmì fún ọ ní kékeré gbà pé ó ti parí. ‘Olúwa kan, ìgbàgbọ́ kan, ìtẹ̀bọmi kan’ ni wọ́n dì mú. Ní ọdún 1982, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ṣe ní ìlú Lima pé ìsàmì kì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe. Àwọn tó ń rì àgbàlagbà bọ omi náà kò gbà pé àwọn ń tún un ṣe. Lójú tiwọn, ti àkọ́kọ́ kò sí. Ọgbọ́n inú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, má fi ṣe ẹ̀sín. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ bi ọkàn rẹ léèrè. Bí o bá gbàgbọ́ lóòótọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe fún ọ ní kékeré kò jẹ́ nǹkan kan, wọ inú omi ní gbangba, kó o sì sọ fún àwọn òbí rẹ ṣáájú. Bí o bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ti fi àmì sí ọ nígbà yẹn, sọ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó o sì jókòó nínú ìjọ láìwọ ẹgbẹ́ akọrin. Má wọ inú omi nítorí aṣọ akọrin. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ìjọ mẹ́ta ti rì í bọ omi, ìkẹrin sì ń pè é. Ó bi mí pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ọlọ́run mọ̀. Omijé wà lójú rẹ̀. Kò sí ìgbà tí wọ́n jẹ́ kó ní ìdánilójú pé ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un tó. Mi ò fẹ́ kí ọmọ rẹ dàgbà kó wá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Nǹkan díẹ̀ ló kù. Bí ó bá jẹ́ ìrìbọmi lo yàn, tó sì jẹ́ inú ọ̀sà ni, béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tí yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́, má sì jẹ́ kí wọ́n mú ọ lọ sínú ìgbì òkun ní ọ̀nà Gbéréfù. Ìwé ẹ̀rí ìsàmì tàbí ti ìrìbọmi, ẹ tọ́jú rẹ̀, torí ìjọ yóò béèrè rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn lọ́tọ̀, ẹ lọ gbà á.

Bí ẹ bá pinnu láti dúró, aṣọ funfun tí Màmá rà kò ní ṣòfò. Ẹ bá alùfáà wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ gbé ọmọ wá fún ìdúpẹ́. Ó lè gbà á, kó gbàdúrà fún un, kó súre fún un níwájú gbogbo ìjọ, láìbu omi sí i lórí. Ẹ bẹ Màmá pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ náà ní àdúrà alẹ́ bó bá ti ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì gbà ṣe gan-an nìyẹn. Kí ọkọ rẹ ló sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe ìwọ, torí ìyá rẹ̀ ni. Kó kúnlẹ̀ sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí Màmá má baà ti pe àwọn ará ilé jọ.